Ohun Tí Mo Kọ Sábẹ́ Àtẹ Oníwọ̀n

Ẹ pa ìwé yín dé. Ẹ fi bírò sílẹ̀. Ìwọ tó ń wá ibi tí wàá jókòó sí, jọ̀ọ́, má jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹnì kan ló ni ín. Dúró sẹ́yìn, ìdúró ò pa èèyàn. Ó dáa. Mo mọ̀ pé àkọlé ẹ̀kọ́ tòní wà lára ògiri níta: bí a ṣe ń tọ́ka sí àtẹ tí a mú láti inú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀kọ́ náà ni mo máa kọ́ yín, àmọ́ kò ní rí bó ṣe máa ń rí. Ẹ gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń ha, bí ìgbà tí èèyàn ń fi iyanrìn fọ ìkòkò. Nǹkan kan ti hù sínú ọ̀fun mi, dókítà sì ti sọ pé lọ́la ni àwọn máa gé e, àti gógóńgò àti ohùn tó ń gbé inú rẹ̀. Tí mo bá jí, mi ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Tí mi ò bá jí, ẹ mọ ìyókù. Òtítọ́ tí mo ti fi ọ̀fun yìí sé mọ́lẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ mi gbọ́dọ̀ jáde lónìí, kí ọ̀fun náà tó lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù ọ̀bẹ sì kọ́ o. Ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń bà mí lẹ́rù.

Mo mọ orúkọ tí ẹ ń pè mí lẹ́yìn. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àbí ẹ rò pé mi ò gbọ́ ni? Ìyá Níbo-lo-ti-rí-i. Ó yẹ mí. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá fún mi, tí àtẹ bá wà nínú rẹ̀, àwọn ìlà òòró àti ìlà ìbú tí a to òǹkà sí yẹn, abẹ́ rẹ̀ ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ. Àkọlé lókè, orísun nísàlẹ̀. Tí o bá gbé e bó ṣe wà, sọ ẹni tó ni ín, ọdún tó ṣe é àti ibi tí o ti rí i. Tí o bá yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, ì báà ṣe òǹkà kan ṣoṣo, sọ pé o yí i padà. Tí olóhun kò bá tíì tẹ̀ ẹ́ jáde, lọ bá a kó fún ọ láyè. Tí o bá sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ìwádìí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀", kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ lo fi rìn ín. Ẹ ti gbọ́ ọ títí ó ti sú yín. Ẹnì kan jókòó síbí tí mo ní kó tún odidi ọdún kan ṣe nítorí àtẹ kan tí kò kọ orísun sí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo gbàgbé ni." Mo ní, "Olè kì í gbàgbé." Háà! Ẹnu mi yìí! Ọmọ mi, mi ò ní pe orúkọ rẹ, o mọ ara rẹ. Dákun, foríjì mí. Olè ló ń pè ọ́ ní olè lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo wà bíi tiyín, mo ní ọ̀rẹ́ kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ló sọ ọ́ ní Oníwọ̀n, nítorí kò síbi tó ń lọ tí ìwọ̀n ọmọ ìkókó kì í sí léjìká rẹ̀, nínú àpò kan tí bàbá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ fi àjákù aṣọ rán fún un. Òun ló sọ èmi náà ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ má wo bí mo ṣe rí báyìí, ọjọ́ ń lọ ni. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe fún oyè wa: à ń wò ó bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí etí ìlú ṣe ń sanra tàbí bí wọ́n ṣe ń rù láti oṣù dé oṣù. Ó ní àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ tirẹ̀, mo ní tèmi. Oníwọ̀n kì í kánjú. Láràárọ̀, kó tó gbé ọmọ kankan sórí ìwọ̀n, á kọ́kọ́ wò ó bóyá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró sórí òdo, á wá gbé irin kan tó mọ bó ṣe wúwo tó lé e lórí, á tún wò ó. Àwọn ìyá á máa kùn pé oòrùn ń mú. Á ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá, irin yìí ni àkọ́bí mi, òun ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀n." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí irin náà bá hu eyín, kó má gbàgbé láti ránṣẹ́ pè mí.

Èmi ò ní sùúrù yẹn. Mo kàn ń gbé ọmọ lé ìwọ̀n tèmi ni, ohun tí mo bá rí ni mò ń kọ. Mo yára, mo sì ń fi yíyára náà yangàn. Ọjọ́ kan ni alábòójútó wa wá wò mí níbi iṣẹ́. Bàbá Gíláàsì là ń pè é, nítorí gíláàsì kan máa ń wà lójú rẹ̀, òmíràn á wà níwájú orí rẹ̀, á tún máa bi wá pé ta ló rí gíláàsì òun. Ọdún iṣẹ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nígbà náà. Ó dúró síwájú ìwọ̀n mi, ó ní, "Ọmọ mi, ta ló wà lórí ìwọ̀n yìí?" Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, sà." Ó ní, "Afẹ́fẹ́ ibí yìí mà wúwo o." Mo wò ó. Abẹ́rẹ́ ti kúrò lórí òdo, ó ti rìn jìnnà. Ká ní mo mọ ọjọ́ tó ṣí kúrò ni, mi ò bá yọ àṣìṣe náà kúrò nínú òǹkà mi, kí n sì máa bá iṣẹ́ mi lọ. Àmọ́ mi ò wò ó rí. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ àná. Gbogbo ohun tí mo kọ di aláìwúlò lójú ẹsẹ̀. Bàbá Gíláàsì mí kanlẹ̀, ó ní kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí n wá nǹkan ṣe sí i. "Wá nǹkan ṣe sí i." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ yìí sì ti ṣèlérí iṣẹ́ olùkọ́ fún mi, tí mo bá lè gbé àpilẹ̀kọ mi sílẹ̀ kí sáà tó parí. Ara mi kò lélẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ẹ rí i, ọ̀fun yìí ti ń jìyà tipẹ́.

Oníwọ̀n lóyún nígbà náà, kò sì tíì hàn. Èmi àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Nínú oṣù tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, oṣù òjò, nígbà tó ku ilé ìtọ́jú kan ṣoṣo tí yóò lọ kí àtẹ rẹ̀ pé pérépéré, oyún náà bàjẹ́ mọ́ ọn lára. Mo bá a ní ọsibítù, ó kọjú sí ògiri. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tó jìnnà, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo lóyún. Tó bá gbọ́ pé iṣẹ́ ìwé ni mò ń sá kiri fún tí nǹkan yìí fi ṣẹlẹ̀, kò ní dárí ji ara rẹ̀ pé òun rán mi níléèwé." Mo ní, "Òkúta á sọ̀rọ̀ kí n tó sọ ọ́." Ó ní òjò ń jò nínú yàrá òun, kí n bá òun kó àwọn ìwé òun sọ́dọ̀ mi kí omi má bà wọ́n jẹ́. Nígbà tí mo ń dìde, ó fà mí láṣọ. Ó ní, "Mi ò dé ilé ìtọ́jú ìkẹyìn. Mo ti fa ìlà kékeré sínú àpótí ibẹ̀ nínú àtẹ, níbi tó yẹ kí òǹkà wà. Rán mi létí kí n ṣàlàyé rẹ̀ sábẹ́ àtẹ o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo gbàgbé." Ìyá yìí ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ, ó tún ń rántí àpótí òfìfo. Mo ní kó má ṣèyọnu.

Mo kó àwọn ìwé náà. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ pé mo kàn fẹ́ wò ó ni. Kò sí olè kan tí kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo tẹ́ àtẹ náà sórí bẹ́ẹ̀dì mi lọ́sàn-án gangan, fèrèsé ṣí sílẹ̀, àwọn èèyàn ń kọjá. Ó mọ́ rekete. Gbogbo òǹkà rẹ̀ ló bára mu, o lè rí oṣù tí oúnjẹ wọ́n àti oṣù tí ara tu àwọn ọmọ náà. Mo wo tèmi tó kún fún irọ́ ìwọ̀n, mo sunkún. Mo wá mú bébà tuntun. Mo ní kí n kàn dà á kọ kí n lè fi kọ́ bó ṣe yẹ kí àtẹ rí. Nígbà tí mo dé ìdajì, mo ti mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo pa orúkọ àwọn ilé ìtọ́jú rẹ̀ rẹ́, mo fi lẹ́tà rọ́pò wọn, mo ní torí àṣírí àwọn aláìsàn ni. Ìlà kékeré yẹn nìkan ni mo dà kọ bó ṣe wà. Mo gbé e lọ fún Bàbá Gíláàsì. Ó wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. Ó mọ ìwọ̀n mi. Kò bi mí níbo ni mo ti rí i. Ká ní ó bi mí ni! Ó kàn fi ìka kan àpótí òfìfo náà, ó ní, "Àtẹ tí eyín rẹ̀ ká báyìí, àwọn ìgbìmọ̀ á máa gba ibẹ̀ wọlé. Ṣé o dé ibẹ̀ lóṣù yẹn ni àbí o ò dé ibẹ̀?" Mo ní mo dé ibẹ̀. Ó ní, "Kí ló wá dé tó fi ṣófo?" Mo gba bébà náà, mo wo òǹkà tó wà lókè rẹ̀, mo wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo mú àárín wọn, mo kọ ọ́ síbẹ̀ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀: "Orísun: ìwádìí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀." Bàbá Gíláàsì ní, "Ó ti dáa báyìí."

Nígbà tí Oníwọ̀n jáde ní ọsibítù, mo dá ìwé rẹ̀ padà fún un, ó gbẹ, kò sí kíkán omi kan lára rẹ̀. Ó dì mọ́ mi. Ó ní, "Ká ní mi ò ní ìwọ ni, kí ni mi ò bá ṣe?" Mi ò rán an létí pé kó ṣàlàyé ìlà kékeré náà. Ó padà sílé ọkọ rẹ̀ láti lọ sinmi, ìsinmi náà sì pẹ́, nítorí ara rẹ̀ kò tètè yá, inú rẹ̀ kò sì tètè dùn. Kó tó padà wá, mo ti gboyè, mo ti gbaṣẹ́, àpilẹ̀kọ mi ti di ìwé. Àwọn èèyàn fẹ́ràn àtẹ yẹn. Wọ́n ń mú un sínú iṣẹ́ tiwọn, wọ́n sì ń kọ orísun rẹ̀ síbẹ̀ dáadáa bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ: orúkọ mi, ọdún mi, ojú ìwé mi. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ sí òfin àfi èmi. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀, inú mi á kọ́kọ́ dùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni òógùn á wá bò mí. Mi ò sọ fún Oníwọ̀n pé ìwé náà ti jáde. Mò ń gbàdúrà pé kó má padà wá parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ irú àdúrà tí mò ń gbà fún ọ̀rẹ́ mi.

Ó padà wá. Ó gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sì ṣàlàyé ìlà kékeré náà lábẹ́ àtẹ: "Kò sí ọmọ tí a wọ̀n níbí lóṣù yìí." Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí kí n wá síwájú ìgbìmọ̀. Ẹ ò lè mọ bí ọ̀nà tó lọ sí yàrá ìgbìmọ̀ ṣe gùn lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà nínú ẹ̀wù tó rán fúnra rẹ̀, ó rò pé ọjọ́ ayọ̀ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ pe ọmọ òun. Ó rí mi, ó ní, "Ọ̀rẹ́ ọmọ mi, ẹ kú oríire o." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Nínú yàrá náà, wọ́n ṣí ìwé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Gíláàsì ni alága. Ó ní, "Àtẹ méjèèjì dọ́gba, ti ọ̀rẹ́ rẹ sì ti jáde kí tìrẹ tó dé. Níbo lo ti rí i?" Oníwọ̀n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé wọ́n ṣèèṣì ni. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, sọ fún wọn." Mo ń wo eékánná mi. Ẹ̀rín náà ṣá lójú rẹ̀, mo fi ojú mi rí i bó ṣe ń ṣá.

Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ wá tọ́ka sí àpótí òfìfo náà. Ó ní, "Níbi tí ti ọ̀rẹ́ rẹ ti ní òǹkà, òfìfo ni tìrẹ. Ìkánjú ló fà á, àbí? O dà á kọ, o fo ìkan." Oníwọ̀n ní, "Mi ò wọn ọmọ kankan níbẹ̀ lóṣù yẹn, mà." Obìnrin náà ní, "Kí ló dé tí o ò fi wọ̀n wọ́n? Níbo lo wà?" Ilẹ̀kùn ò tì tán. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ń hàn lẹ́nu ọ̀nà, bàtà rẹ̀ tó kùn dáadáa. Oníwọ̀n wo bàtà náà. Ó wá nawọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ bi í léèrè. Ó mọ ibi tí mo wà." Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tó burú jù nìyí o, ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ní láti dárúkọ oyún. Mo lè sọ pé, "Òun ló ni àtẹ náà, èmi ni mo jí i." Ọ̀rọ̀ kékeré. Bàbá Gíláàsì ní, "Ṣé o mọ ibi tó wà?" Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà. Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, mò ń wọn ọmọ." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ohùn mi dán gbinrin, kò há rárá. Bàbá Gíláàsì yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì wò mí mọ́ títí ìpàdé fi parí. Oníwọ̀n kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wá ẹnì kan tó mọ̀ láàárín èrò.

Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tó jáde, bàbá rẹ̀ dìde, ó ní, "Ṣé òótọ́ ni ohun tí mo gbọ́ yẹn?" Ó ní, "Rárá, bàbá mi." Ó ní, "Níbo lo wá wà lóṣù tí wọ́n ń wí?" Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ṣíwájú rẹ̀ jáde. Bàbá náà ti fi gbogbo ẹnu sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ọmọ òun ń bọ̀ wá di ọ̀mọ̀wé. Kò sọ ọ́ mọ́. Mo gbọ́ pé títí tó fi kú, tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ìwé níwájú rẹ̀, ńṣe ló máa ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kó lè pariwo. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọmọ òun jalè. Èmi ń gòkè ní tèmi. Wọ́n fi mí jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń tọ́ka sí orísun, torí wọ́n ní ojú mi mú. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, àyà mi á já. Bí mo bá rí obìnrin tó gbé àpò kọ́ èjìká lókèèrè, màá yà bá ọ̀nà mìíràn. Mo sì le mọ́ yín, mo le ju gbogbo olùkọ́ lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò ó láé pé èmi náà lè ṣe irú rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè. Ẹ mọ èyí tó kù.

Nígbà tí dókítà sọ ohun tó máa gé, mo jáde ní ọsibítù, mi ò lọ sílé. Mo wá ilé Oníwọ̀n lọ. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣirò nínú pálọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, irin àtijọ́ yẹn ló fi dá a dúró kí afẹ́fẹ́ má tì í. Mo dá irin náà mọ̀ kí n tó dá òun mọ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ lọ ṣeré níta. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Dìde, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, sìmẹ́ńtì ò dáa fún orúnkún àgbà." Mi ò dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Kò sunkún. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Òǹkà tí o kọ sínú àpótí mi yẹn, níbo lo ti rí i?" Orúkọ tí ẹ ń pè mí lẹ́yìn ló pè láìmọ̀. Mo ní, "Mi ò rí i níbì kankan. Mo wo òkè, mo wo ẹ̀gbẹ́, mo mú àárín." Ó ní, "Ọjọ́ tó yẹ kí n wà níbẹ̀ ni ọmọ mi kú. Ìwọ lo di ọwọ́ mi mú. O wá lọ kọ ọmọ tó sanra síbẹ̀."

Mo sọ fún un pé mo ti kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ àti sí àwọn tó tẹ ìwé mi. Òótọ́ ni, mo ti kọ ọ́. Ó ní, "Ìwé? Ìwé lo fi jí i, ẹnu lo fi pa mí. Ẹnu yẹn ni kó lọ sọ ọ́, níwájú àwọn tó gbà ọ́ gbọ́." Mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ gé ọ̀fun mi. Mo rò pé àánú mi á ṣe é. Ó ní, "Ọjọ́ wo?" Mo sọ ọjọ́ fún un. Ó ní, "Yára nígbà náà. O mọ bí a ṣe ń yára." Mo ní ti oyún ńkọ́, ṣé kí n fi pamọ́? Ẹ rí i, mo béèrè àyè lọ́wọ́ olóhun níkẹyìn. Ó ní kí n sọ ọ́, ó ní bàbá òun ti lọ, kò sẹ́ni tí òun ń bò ó mọ́ fún. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá lónìí, pé màá fi àga sílẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, kó lè jáde tí kò bá lè fara dà á. Ó ní òun á wò ó. Ìdí nìyẹn tí ojú mi ò fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀.

Ẹ wo pátákó. Màá kọ orúkọ rẹ̀, odindi, bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ ọ́ kẹ́yìn. Ẹ bá mi kà á sókè, torí ohùn mi ti ń lọ. Ẹ tún un kà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà nínú ọgbà gbọ́. Ẹ ṣeun. Ẹni tó bá ní ìwé mi lọ́wọ́, ẹ ṣí ojú ìwé tí ẹ ti há sórí yẹn, ẹ fagi lé ohun tó wà lábẹ́ àtẹ, kí ẹ kọ orúkọ yìí síbẹ̀. Ẹ fagi lé òǹkà inú àpótí ìkẹyìn, ẹ fa ìlà kékeré síbẹ̀ bí òun ṣe fà á. Ẹni tó bá jìn sí kòtò a máa kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú ìlà kan lẹ ó kọ sábẹ́ àtẹ, kò gba àyè, kò gba àkókò. Èmi ò kọ ọ́, bàbá kan sì kú láìmọ irú ọmọ tó bí. Ẹ kọ ọ́. Ẹ má fi ohun tí ẹ ò rí dí ohun tó ṣófo. Oníwọ̀n, bóyá o wà níta lẹ́yìn ògiri tí ò ń gbọ́ mi, bóyá o ò wá, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ níbi tó wà.

Kí lo ní kí n gbọ́, ìwọ tó nawọ́ sókè? Ó ń bi mí pé ṣé Oníwọ̀n ti dárí jì mí. Ìbéèrè tó dáa ni. Tí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo yín lẹ máa gbà mí gbọ́, ẹ ó sì lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, èmi náà á sì rí nǹkan dì mú wọ yàrá tí wọ́n ti máa gé mi lọ́la. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo wo bó ṣe ní kí n dìde lórí sìmẹ́ńtì, mo wo bó ṣe ní kí n yára, mo lè mú àárín wọn. Àmọ́ kò sọ ọ́ fún mi. Àga rẹ̀ ṣì ṣófo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó síbẹ̀. Ẹ fa ìlà kékeré.